Ògiri Tó Wà Lẹ́yìn Bánà Ìkórè

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ókè-Ìlá ti lanu láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fadá mọ̀. Alága ìjọ mọ̀. Bánà ìkórè èṣí ni wọ́n fi bò ó. Èmi gan-an ni mo so ó.

Lọ́sàn-án òní, Bàbá Katikíìsì, tó ń lu agogo, ní, "Ìyá mi wà lára àwọn tó ru amọ̀ ògiri yìí. Kò lè wó lójú mi."

Mo ní, "Ó rẹ ìyá yín kí wọ́n tó lọ, Bàbá. Ó ti rẹ ògiri náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lu agogo ọ̀sán. Iyẹ̀pẹ̀ dà láti ara ògiri náà sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ akọrin.

Mo ti kọ̀wé sí Fadá: kí wọ́n má lu agogo mọ́, kí wọ́n kó bẹ́ǹṣì yẹn kúrò kó tó di ọ̀sán Sátidé tí àwọn ọmọ náà máa wá kọ́ orin. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá já bánà náà lójú gbogbo ìjọ.