Iná Ìgbẹ́ Màlúù Nínú Ilé Wa

Ilé Àlàájà Rodiyat,
Òkòkòmáìkò, Ọ̀jọ́,
Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Keje, 2025.

Bámikẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Ìlọrin ń tọ́jú ọ? Mo ń bẹ Olúwa kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí ó sì bá ọ níbi tí o ti ń jẹun, nítorí mo mọ̀ ọ́: bí o bá ti rí iṣẹ́, o kì í rántí oúnjẹ. Àlàáfíà ni a wà. Ikọ́ mi ti lọ. Wàá gbọ́ ìdí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ohun tí mo ṣe ṣì ń dùn ọ́. Níbi ìdúpẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ, etígbọ̀ọ́ rẹ ni mo ti sọ fún gbogbo ìjọ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lo kọ́. Ojú ló ń tì mí. Báwo ni n ó ṣe sọ pé ọmọ tí mo fi ẹ̀wà títà ní Ìyànà Ìbà rán lọ sí yunifásítì ń ru ìgbẹ́ màlúù láti ọjà Àlàbá Rágò? O kò bá mi jà. O parí táńkì ẹ̀yìnkùlé tí ìgbẹ́ ti ń jẹrà di gáàsì ìdáná, o so rọ́bà rẹ̀ mọ́ sítóòfù, o sì bá àwọn àgùnbánirọ̀ lọ. Túnjí alábàárù tí o bẹ̀ ń wá bu ìgbẹ́ sí i, èmi sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Òjò ló ṣẹ́gun mi. Lóṣù tó kọjá, gbogbo igi ìdáná mi rin gbingbin, àwọn oníbàárà ẹ̀wà kò sì mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Mo fi ìbínú ṣáná sí sítóòfù rẹ. Bámikẹ́, iná náà búlúù bí aró! Kò rùn, kò rú èéfín. Ẹ̀wà jinná, mi ò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún.

Ìgbà yẹn ni àlàyé rẹ tó wọ̀ mí létí. O ní epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú inú ilẹ̀ ni ayé ń jó jù, èyí tí a bá sì jó nínú wọn ti lọ nìyẹn. O ní oòrùn, atẹ́gùn àti odò tó ń ṣàn kì í tán, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣe iná mànàmáná; pé àwọn kan tilẹ̀ ń rí agbára nínú òkúta, ìyẹn ò tíì yé mi títí dòní. O ní ọkọ̀, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ilé gbígbé ló ń jẹ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí ààrò ìyá rẹ lo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ìgbẹ́, mi ò gbọ́ ìyá.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo dìde jẹ́rìí níwájú ìjọ. Mo ní mo parọ́. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, inú ìgbẹ́ màlúù ló ti ń fa iná jáde, òun ló sì wo ikọ́ mi sàn. Màmá Dúpẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní: 'Ìyá Bámikẹ́, ṣé ó lè bá èmi náà ṣe é?' Obìnrin méje ló ti forúkọ sílẹ̀ dè ọ́. Orí mi wú!

Ọmọ mi, dárí jì mí. Ibi tí o bá dáná sí, kò ní kú. Òkùnkùn kò ní bá ọ gbélé. Ọmọ tìrẹ náà yóò tọ́jú rẹ ju bí o ṣe tọ́jú mi lọ.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Rebecca.

Àfikún: Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìyànà Ìbà ti sọ mí ní Ìyá Onígbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń fi ṣíbí ẹ̀wà kan lé tirẹ̀.