Ìyàwó Aránbàtà Kọ̀wé Nítorí Owó Ibodè

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé oorun ń kun ojú, ṣé ọ̀gá rẹ ò tíì fi ariwo di ọ́ létí? Bí o bá bi mí, mo wà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín ṣe ń wà, ìyẹn ni pé mò ń rẹ́rìn-ín nídìí aṣọ fífọ̀, mò ń rẹ́rìn-ín nídìí ilẹ̀ gbígbá, àwọn ará ilé sì ti ń wò mí pé kí ló ṣe obìnrin yìí. Ọlọ́run tó rántí mi lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí bàbá rẹ ti sùn, yóò rántí ìwọ náà, yóò fún ọ ní ẹni tí á máa bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun. Àmín.

Ọ̀sẹ̀ keje rèé tí mo wọlé ọkọ mi. Jẹ́ kí n tún un kọ: ọkọ mi. Yàrá méjì la ní lókè, ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, òórùn awọ ni mo fi ń jí. Láràárọ̀, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, wọn á kọ́kọ́ yí bàtà mi dojú dé, wọn á wò ó bóyá òwú rẹ̀ ti ń tú. Bàbá rẹ fẹ́ràn mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò wo ìsàlẹ̀ bàtà mi rí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. O mọ̀ pé bàtà ọmọ ilé-ìwé ni ọkọ mi ń rán, àwọn àti obìnrin mẹ́rin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Nígbà tí o kọ̀wé pé ìjọba fẹ́ yọ owó ibodè kúrò lórí bàtà rọ́bà tó ń ti òkè òkun wọlé, àti pé ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù yìí ni wọn yóò gbọ́ tẹnu ará ìlú ní ọ́fíìsì mínísítà yín kó tó fọwọ́ sí i, mo ka ìwé náà sókè nínú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wọn gbé òòlù sílẹ̀. Ọkọ mi ní bí owó ibodè yẹn bá kúrò, a ó ti ilẹ̀kùn kí ọdún tó yípo. Ìyá Gọ́ọ̀mù, èyí tó ń lẹ ìsàlẹ̀ bàtà, ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ìyàwó ọ̀ṣìngín lè fi ìfẹ́ jẹ oúnjẹ alẹ́, kí ni àwa tó ti pẹ́ nílé ọkọ yóò jẹ?

Mo ní mínísítà ò mọ̀ ni, ẹni tí kò wọ bàtà ọkọ mi rí, kí ló fẹ́ mọ̀? Mo ní ká rán ọ̀kan fún un. Tíṣà tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa bá fi àwòrán mínísítà hàn wá nínú fóònù, níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ní ìlú tí bàtà rọ́bà náà ti ń wá. Ọkọ mi fa téèpù yọ, wọ́n wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ju ìwọ̀n èékánná lọ. Bí wọ́n ṣe tún fọwọ́ kan gíláàsì fóònù, ẹsẹ̀ bá wú, ó tó àtàǹpàkò. Mo ní bàálù ló fà á, àwọn èèyàn ní ìjókòó pípẹ́ nínú rẹ̀ máa ń mú ẹsẹ̀ wú. Ọkọ mi ní òótọ́ ni, ká dúró kó rọlẹ̀. A dúró títí fóònù fi kú.

Nígbà tí fóònù jí, mo rí ọkùnrin kan nínú àwòrán náà tó gbé báàgì tẹ̀lé mínísítà, mo ní ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ yìí mà sanra. Tíṣà ní ọmọ-ọ̀dọ̀ kọ́, òun ló ni bàtà rọ́bà, òun ló sanwó bàálù, òun ló sanwó ilé tí mínísítà sùn sí, lọ́yà rẹ̀ ló sì kọ ìwé tí mínísítà fẹ́ fọwọ́ sí. Inú mi dùn! Mo ní ẹ ò rí èèyàn rere, gbogbo ìnáwó yẹn, ó tún bá a kọ̀wé kí ọwọ́ má baà ro ó. Mo ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó bá gbọ́ pé a wà níhìn-ín, yóò dúró fún wa. Tíṣà wò mí. Ọkọ mi ò wò mí, awọ tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, ìyàwó mi, ẹni tó bá èèyàn gbé báàgì ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Tíṣà ní ká kúkú kọ tiwa sínú fọ́ọ̀mù ìjọba lórí fóònù. Fọ́ọ̀mù náà kọ́kọ́ ní kí n fi ẹ̀rí hàn pé èèyàn ni mí, kí n mú gbogbo àwòrán tí ọkọ̀ ojú omi wà nínú wọn. Mo mú wọn tọkàntọkàn, títí kan èyí tó jẹ́ pé ìdí ọkọ̀ nìkan ló yọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ wa tán, n kò tíì ṣẹ́jú tí èsì fi dé: a ti gba ọ̀rọ̀ yín, a dúpẹ́, ẹ má ṣe fèsì sí ìwé yìí. Omi bọ́ lójú mi. Mínísítà, pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ ọrùn rẹ̀, ó jókòó ti fóònù ó ń retí mi, kò tún fẹ́ kí n dá ara mi láàmú láti fèsì. Ìyá Gọ́ọ̀mù ní ọgbọ̀n ọdún lòun ti wà nílé ọkọ, ọkùnrin tó bá ti dá èèyàn lóhùn kíákíá báyẹn, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí ọ pé kí o bá wa gbé ìwé tiwa lé orí ti ọkùnrin yẹn nínú fáìlì. Èsì rẹ ti dé. O ní ìwọ gan-an ni wọ́n ní kí o tẹ ìwé lọ́yà náà, o ní bí wọ́n bá mọ̀ pé o fọwọ́ kan fáìlì, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ èmi ni mo bẹ̀ ọ́, o máa ṣe é. Ọkọ mi gba ìwé náà, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí o má ṣe é o, àwọn ò fẹ́ ìyá kí àwọn wá gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ. Wọ́n ní bó bá burú tán, àwọn á máa lẹ bàtà rọ́bà tó bá já fún ará àdúgbò.

Nítorí náà, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Má fọwọ́ kan fáìlì. Àwa fúnra wa là ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ náà, èmi, ọkọ mi àti àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ènìyàn méjì ránṣẹ́, àwọn yòókù ti rí tiwọn. Bá wa wá àga síwájú kí èrò tó dé, òòlù ti jẹ́ kí etí òsì ọkọ mi wúwo. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Má kúnlẹ̀ kí mi, mo ti forí jì ọ́ sílẹ̀. Bí o bá ń pín omi, máa fò wá. Bí wọ́n bá ní kí o kọ orúkọ wa, bi mí pé kí ni orúkọ yín, màmá, èmi náà á sì pè é fún ọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń pè é fún àlejò. Mo ti ń kọ́ níwájú dígí bí màá ṣe wò ọ́ bíi pé n kò bí ọ. N kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ó ṣì ku ọjọ́ mẹ́jọ.

Iṣẹ́ rẹ kò ní bọ́. Ọ̀nà rẹ kò ní dí. Ọlọ́run ò ní fi ọ́ sí àárín àwa àti oúnjẹ rẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Èmi ni ìyá rẹ lójoojúmọ́, àfi ọjọ́bọ̀ yẹn.