Báàfù Ìyá Rẹ Ń Bọ̀ Lọ́dọ̀ Yín

Bámiṣẹ́ ọmọ mi,

Ṣé omi Ìkòròdú ò tíì gbé ọ? Ògún tí à ń bọ kò ní jẹ́ kí ayùn yà kúrò lórí igi bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Gbogbo Ìdèrè kí ọ. Iṣu ta, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì bí ìbejì, òun náà fẹ́ ṣe bíi ti ará Ìgbó-Ọrà.

Mo gbọ́ ohun tó o wí. O ní ìjọba fẹ́ gba ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tí wọ́n kàn lókè òkun láyè láti máa kó èrò nílẹ̀ wa, pé ta ni yóò tún gbéṣẹ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń figi kàn án, pé kí n ta ìrókò bàbá mi tó wà lóko kó o lè fi ra ọ̀kan. Háà! Ìwọ tó o fọdún méje kọ́ ọkọ̀ kíkàn, o fẹ́ lọ ra ti ẹlòmíì! Àwòrán tó o fi ránṣẹ́, mo dojú fóònù délẹ̀ kí n lè rí ìdí ọkọ̀ náà, ẹ̀yìn fóònù ni mo rí. Ohun tí kì í jẹ́ kéèyàn rí ìdí òun, ìyẹn lẹ fẹ́ kó aboyún sí? Bá a bá fẹ́ fẹ́yàwó, ṣebí a máa ń wádìí ìdílé rẹ̀. Ta ló wádìí igi tó bí ọkọ̀ yẹn? Bàbá Jàmílàt aládùúgbò wa ní kò sígi tó bí i, pé ike ni, irú báàfù tí ìyá rẹ fi ń rẹ ẹ̀gẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo gbé báàfù, mo ní kó ká lọ sódò Ọ̀fìkì, kó wá wo bí ike ṣe ń rì.

Ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo jókòó sínú ẹ̀, kò rì. Ó gbé mi, ó ń yí mi bí òkòtó, ó gbé mi kọjá lójú àwọn obìnrin tó ń fọṣọ, wọ́n ń bi mí pé ibo ni mò ń lọ, n kò mọ̀. Bàbá Jàmílàt ń pariwo létí odò pé kí n má gbàgbé láti san owó ọkọ̀. Ẹ̀ka igi kan ni mo dì mú tí mo fi bọ́. Báàfù ò wẹ̀yìn.

Ike lè gbéèyàn, mo gbà, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n igi ló yọ mí. N kò ní ta ìrókò. Wá gé e fúnra rẹ, kó o fi kan ọkọ̀ tìrẹ, kí tòkèèrè wá bá a lójú omi.

Jọ̀ọ́, fi owó báàfù ránṣẹ́, ìyá rẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní Ọ̀fìkì ń ṣàn wọ odò Ògùn, Ògùn ń ṣàn lọ sọ́sà yín, nítorí náà máa ṣọ́nà de báàfù náà pẹ̀lú. Aláwọ̀ búlúù ni. Bí ìjọba bá dá a dúró, sọ fún wọn pé ọmọ Ìdèrè ni.

Omi tó o bá wọ̀, wàá gúnlẹ̀ láyọ̀.

Èmi bàbá rẹ,
Ògúnwùmí