Màmá Oníjì, Ẹni Tó Wádìí Ohun Tí Òkun Ń Gbà àti Ohun Tí Ó Ń Tú Jáde

Ní ọdún 1952 ni a bí màmá wa sínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Aránṣọ ni ìyá wọn. Ọmọ mẹ́ta ni ìyá wọn bí, màmá wa nìkan ni wọ́n yè.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni bàbá wọn fẹ́ kí wọ́n kọ́, ṣùgbọ́n màmá wa kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń tì síbi tí kò wù ú. Wọ́n kàwé gboyè nínú ìmọ̀ kẹ́místrì ní 1975, ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun sì gbà wọ́n síṣẹ́. Yàrá iṣẹ́ wọn kò ní fèrèsé. Ìgò omi òkun ló kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà, òtútù ibẹ̀ sì pọ̀ débi pé súwẹ́tà ni wọ́n ń wọ̀ lọ́sàn-án gangan.

Inú ọkọ̀ ìwádìí ni wọ́n ti pàdé bàbá wa, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ tó ń sọ ìgò kalẹ̀ sínú ibú. Bàbá wa kì í sọ̀rọ̀. Màmá wa a máa sọ ti ẹni méjì. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1979.

Gáàsì kan wà tó ń bá èéfín ọkọ̀ àti ẹ̀rọ jáde, tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù dàyọ́kísáìdì, tó ń mú kí ayé máa gbóná sí i. Òkun ń gbà lára rẹ̀ mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ ni pé bí ìjì bá ṣe ń po omi tó, bẹ́ẹ̀ ni òkun yóò ṣe máa gbé e lọ sísàlẹ̀, tí aráyé yóò sì bọ́. Màmá wa náà ti kọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò balẹ̀, nítorí ìgbà tí òkun bá dákẹ́ nìkan ni àwọn olùwádìí ń lọ wọ̀n ọ́n. Wọn a ní, “Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwà ènìyàn, kó dúró dìgbà tí inú bá bí i.” Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Màmá Oníjì.

Ní 1991, wọ́n tọrọ ọkọ̀ fún ìgbà ìjì. Bàbá wa ní, “Ìyá àwọn ọmọ, ìgbà yẹn ò dáa o.”

Màmá wa ní, “Bí a ò bá lọ, a ò ní mọ̀ láéláé.”

“Ó dáa. Ta ló máa wá sọ ìgò yín kalẹ̀ tí mi ò bá lọ?”

Wọ́n jọ lọ. Láàárín ìjì náà ni ìgbì ńlá kan gbá bàbá wa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ wọn. Ọ̀gá ọkọ̀ yí ọkọ̀ ká ibẹ̀ títí tí kò fi sí ìrètí mọ́. A kò rí òkú wọn.

Àbíkẹ́yìn wa bi màmá lọ́jọ́ kan nínú kíṣìnnì pé, “Mọ́mì, ṣé òkun ló pa Dádì, àbí iṣẹ́ yín?” Màmá wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ohun tí èmi náà ń bi ara mi nìyẹn.”

Síbẹ̀, wọ́n yẹ omi tí bàbá wa fà jáde kẹ́yìn wò. Lágbègbè ibẹ̀, ìjì ti ru omi àtijọ́ sókè láti ìsàlẹ̀ ibú, gáàsì tó ti wà nínú rẹ̀ láti ayébáyé sì ń tú padà sínú afẹ́fẹ́, ju èyí tí òkun ń gbà lọ. Pípo tí ìjì ń po omi kì í ràn wá lọ́wọ́ níbi gbogbo. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde, orúkọ bàbá wa ló ṣíwájú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kan kò kí wọn mọ́, torí pé ó ta ko ohun tí gbogbo wọn ti ń kọ. Nígbà tó yá, àwọn olùwádìí mìíràn lọ síbẹ̀ nígbà ìjì, wọ́n bá ohun kan náà. Ọjọ́ tí ìròyìn yẹn dé, màmá wa sunkún. Wọ́n ní, “Ó wù mí kó jẹ́ pé èmi ni mo ṣàṣìṣe.”

Ìjókòó ẹ̀yìn ni tiwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí orin bá ti kan ìgbì òkun, wọn a pa ìwé orin dé. Wọ́n darí ẹgbẹ́ àwọn opó atukọ̀ títí ara fi kọ̀.

Àìsàn kíndìnrín ló mú wọn lọ. Kí wọ́n tó kú, ilé-iṣẹ́ wọn ti sọ pé àwọn fẹ́ sin wọ́n sínú òkun láti bu ọlá fún wọn. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni màmá wa ti dáhùn pé, “Rárá o. Ilẹ̀ ni kí ẹ sin mí sí, kí àwọn ọmọ mi lè ríbi wá kí mi.”

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta, ọkùnrin kan àti obìnrin méjì, àti ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀.

Kí ilẹ̀ ó dẹ̀ fún yín, Màmá. Ẹ sùn, kí ọkàn yín ó balẹ̀. A ó máa wá.