Ẹni Tó Kù Nínú Yàrá Kẹrìnlá

Bàbá, ó pé ọdún márùn-ún lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún márùn-ún! Áyọ́ọ̀nù yín ṣì ń gbóná láràárọ̀ ní Àgbowó. Àmọ̀kẹ́ ìyàwó yín ṣì wà, ẹnu rẹ̀ ṣì mú. Tolúlọpẹ́ ọmọ yín ti parí ilé tí ẹ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́nà Òjòó. Ó ti kan òrùlé, ó ti kun ògiri, omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Fọláwùmí ọmọ-ọmọ yín, ẹni tó máa ń ka ìwé àyálò títí ọbẹ̀ á fi jóná, òun ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ yín níwájú ilé láti ìgbà náà.

Gbogbo ìyẹn la fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, Bàbá, a ní ìròyìn mìíràn fún yín. Ẹ jẹ́ ká rọra sọ ọ́.

Ẹ rántí pátákó kọ́kọ́rọ́ tí ẹ kàn mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àbájáde. Ìkọ́ méjìlá ló wà lára rẹ̀, ẹ sì fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sókè ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kìíní jẹ́ tiyín, ìkejì jẹ́ ti Màmá, títí dé ìkọkànlá. Ẹnikẹ́ni tó bá ń jáde gbọ́dọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ sórí ìkọ́ rẹ̀. Ìkọ́ tó bá ṣófo, ẹni tó ni ín wà nínú ilé. Kọ́kọ́rọ́ tí kò ṣí nǹkan kan ni, nítorí ẹ kò gbà kí ilẹ̀kùn yàrá kankan nílé wa ṣeé tì. Àlejò tó bá wọ balùwẹ̀ wa ní láti máa kọrin kí ẹlòmíràn má baà já wọlé bá a!

Nírọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ ó dúró níwájú pátákó yẹn, ẹ ó ké: "Ta ló kù nínú?" A ó máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó tẹ̀lé ìkọkànlá kì í ṣe ìkejìlá. Ìkẹrìnlá ni. Ìkọ́ yẹn ò ní ẹni tó ni ín, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò ṣófo. Bí a bá bi yín, ẹ ó ní ká lọ jẹun.

Òfin hòtẹ́ẹ̀lì ni òfin ilé wa, a mọ ìyẹn. Ẹ̀yin lẹ sọ fún Fọláwùmí, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, pé ẹ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà tí òyìnbó máníjà kan mú yín kúrò nílé àlejò Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá orí òkè kan lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù. Ọmọ náà kò lè sùn mọ́! Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń dáná sínú ògiri láti máa yá! Ibi tí kùrukùru ti máa ń gba ojú fèrèsé wọlé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn! Yàrá mẹ́rìnlélógún, kápẹ́ẹ̀tì pupa lórí àtẹ̀gùn, dùrù ńlá nínú gbọ̀ngàn ìjẹun. Títí di òní, bó bá ń lọ aṣọ tí èéfín omi ń dìde, ojú rẹ̀ máa ń lọ jìnnà. Àwa mọ̀ pé ó ti gòkè lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú yàrá, Akíndúró ọmọ Òǹdó ló ń fọṣọ. Ẹ̀yin méjì péré ni Yorùbá tó wà lórí òkè náà, ẹ sì di ọmọ ìyá. Òun ló kọ́ yín bó ṣe ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì: ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí a wá ti igun rẹ̀ sínú ara rẹ̀, bí ẹni ń pa àpò lẹ́tà dé. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti ń ká a bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ sì kọ́ wa.

Ogun abẹ́lé wá dé. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo àlejò sọ̀kalẹ̀. Àwọn kan gbàgbé bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ kò rí ọ̀nà lọ. Wọ́n ti já afárá ìsàlẹ̀ òkè, àwọn tó ń ṣọ́nà kò sì jẹ́ kí ẹni tí kò gbọ́ èdè wọn kọjá. Àwọn sójà gòkè wá, wọ́n sọ hòtẹ́ẹ̀lì di ọsibítù. Tábìlì ìjẹun di tábìlì iṣẹ́ abẹ. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì di ohun tí wọ́n fi ń di ojú ọgbẹ́. Nígbà tí òtútù le, wọ́n fi àáké fọ́ dùrù, wọ́n fi dáná. Ẹ ní bí àwọn wáyà inú rẹ̀ ṣe ń dún nínú iná kò kúrò létí yín láéláé. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin! Òkè tí àwọn èèyàn ń rìnrìn àjò wá gùn fún ìgbádùn, ẹ̀yin kò rí i sọ̀kalẹ̀!

Ibẹ̀ lẹ máa ń dé dúró. Ẹ ó ní, "Ogun sì parí." A gbà pé ó parí bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ lọ, lẹ wá sọ èyí tó kù.

Ẹ sọ pé sájẹ́ńtì àwọn sójà náà fẹ́ràn òfin pátákó. Kọ́kọ́rọ́ lórí ìkọ́, yàrá ṣófo. Ìkọ́ ṣófo, ènìyàn wà nínú. Kò jẹ́ kó máa gun àtẹ̀gùn káàkiri. Lówùrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn kùrukùru ọjọ́ mẹ́jọ, oòrùn yọ. Akíndúró sá ogún aṣọ bẹ́ẹ̀dì sórí koríko. Alágbàfọ̀ ni, ó rí oòrùn, ó sáṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàálù ogun ju bọ́ǹbù sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Sájẹ́ńtì ní aṣọ funfun ni alágbàfọ̀ fi júwe wọn fún ọ̀tá. Lọ́rì dé láti wá gbé e, gbogbo yín sì mọ̀ pé àwọn tí lọ́rì yẹn bá gbé kì í padà.

Ẹ ti Akíndúró wọ yàrá kẹrìnlá, ẹ sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ sọ fún un láti ìta pé, "Má dún. Mò ń bọ̀." Ẹ yọ nọ́ńbà idẹ ara kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, ẹ so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkó-ṣúgà-sí, ẹ fi kọ́ sórí ìkọ́ kẹrìnlá. Kọ́kọ́rọ́ gidi wọnú ìbọ̀sẹ̀ yín. Sájẹ́ńtì wo pátákó. Yàrá tí ìkọ́ wọn ṣófo nìkan ló tú. Kò rí alágbàfọ̀. Ó yíjú sí yín, ó ní, "Ìwọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, gun lọ́rì."

Lọ́rì gbé yín sọ̀kalẹ̀, Bàbá, tòun ti kọ́kọ́rọ́ nínú ìbọ̀sẹ̀!

Wọn kò pa yín. Wọ́n fi yín ṣe afọkòkò nínú àgọ́ kan títí ogun fi parí. Nígbà tí ẹ gbìyànjú láti gòkè padà, wọ́n ní iná ti jó apá kan hòtẹ́ẹ̀lì náà. Apá wo? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ní ọdún 1971 ẹ lọ sí Òǹdó. Ìyá Akíndúró gúnyán fún yín. Ó bi yín bí ẹ ṣe rí ọmọ òun gbẹ̀yìn. Ẹ ní, "Ara rẹ̀ le, Màmá." Ẹ jẹ iyán náà tán, ẹ kò sì débẹ̀ mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ lọ, ẹ béèrè lórí bẹ́ẹ̀dì pé, "Ta ló kù nínú?" Màmá dáhùn pé, "Kò sí, olówó orí mi. Gbogbo wa la dúró yí yín ká." Ẹ mi orí. Ẹ ní, "Ẹnì kan kù." Ẹ kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn tì wá mọ́lé!

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti gbé àga rẹ̀ síwájú pátákó. Kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò lọ sí ìkómọ. Tolúlọpẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí.

"Màmá, ilé ti parí o! Aláǹgbá ló ń gbé yàrá yín."

"Kó máa gbé e. Ṣé ó ń sanra?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

"Ènìyàn kì í kó kúrò nílé tí ẹnì kan ṣì kù nínú. Tìrẹ ni kóo kó lọ."

Bí Màmá kò ṣe kúrò, Fọláwùmí náà kò kúrò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé ìkàwé kan ní Abẹ́òkúta pè é síṣẹ́, ibi tí ìwé kún dé àjà, iṣẹ́ tó ti ń lá láti kékeré. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀wé pé òun kò lè wá. Ta ni yóò fi Màmá sílẹ̀ fún? Yóò lọ aṣọ, yóò ká a, yóò ti igun rẹ̀ sínú, yóò wo ìta láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kọjá pẹ̀lú báàgì wọn. Nígbà mìíràn ó máa ń rò pé òun gan-an ló wà nínú yàrá kẹrìnlá. Ìkọ́ tirẹ̀ kì í ní kọ́kọ́rọ́ lórí, àfi bó bá lọ ra ọṣẹ.

Lóṣù méjì sẹ́yìn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Rẹ̀mí kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀ wá láti Onírèké. Ó gbà á lọ ní ọjọ́bọ̀. Ní ọjọ́ ẹtì ó tún kó o padà dé, bí a ṣe ká a gan-an.

Fọláwùmí ní, "Àǹtí, ṣé kò mọ́ ni?"

"Ó mọ́. Bàbá mi ni kò jẹ́ kí n tú u. Láti àná ni wọ́n ti gbé e lé orúnkún, tí wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní kí n bi yín pé ta ló kọ́ yín bí ẹ ṣe ń ká a."

"Bàbá àgbà mi ni."

"Wọ́n ní bí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kí n tún bi yín pé ta ló kọ́ bàbá àgbà yín."

Fọláwùmí wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Áyọ́ọ̀nù wà lórí ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà, ó ń jó o, kò mọ̀. Ó ní, "Akíndúró."

Obìnrin náà jókòó sórí àpò aṣọ ìdọ̀tí. "Orúkọ bàbá mi nìyẹn."

Bàbá! Ó wà láàyè! Onírèké ló ń gbé láti ọdún mọ́kàndínlógún! Dùgbẹ̀ lẹ̀yin méjèèjì ti ń ra búrẹ́dì!

Ó dé ní ọjọ́ àbámẹ́ta pẹ̀lú ọ̀pá. Kò tíì kí ẹnikẹ́ni tó fi rí pátákó, tó rí ìkọ́ kẹrìnlá, tó di ògiri mú. Màmá wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ wá pẹ́ nínú yàrá tó báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú, ìyàwó wa. Mo rò pé lọ́rì yẹn ni wọ́n fi gbé e lọ pa nítorí mi. Mo sá wọ Kamẹrúùnù, ibẹ̀ ni mo wà títí di 1983. Mo dé, ìyá mi ti lọ. Mo wá a dé Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ìbàdàn la wà."

"Ta ló sọ fún mi?"

Fọláwùmí kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Bàbá, báwo lẹ ṣe jáde?"

Bàbá arúgbó náà jókòó. Ó ní òun gbọ́ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ yí, òun gbọ́ nígbà tí ẹ ní "Mò ń bọ̀." Ó jókòó, ó ń retí yín. Omi òdòdó inú ife ló ń mu. Ní ọjọ́ kẹta, ó fẹ́ dìde, òòyì kọ́ ọ, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú kó má baà ṣubú. Ilẹ̀kùn ṣí.

"Irin ìtìlẹ̀kùn rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ń yí, ó ń dún, kò di nǹkan kan mú. Ilé ńlá yẹn, ogun ti bà á jẹ́, kò sí káfíńtà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ṣí."

Màmá ní, "Tiyín ṣì dára. Ọkọ mi jókòó sẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún méjìléláàádọ́ta."

A sunkún, Bàbá. Gbogbo wa la sunkún. Lẹ́yìn náà ni Màmá wọ yàrá, ó tú aṣọ ìnujú tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí yín, ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà jáde. Akíndúró fúnra rẹ̀ ló fi kọ́ sórí ìkọ́ kẹrìnlá. Ó dún tín-ín. Màmá ní, "Fọláwùmí, ẹrù wa dà?"

Ọ̀nà Òjòó la ti ń ṣe ìrántí yín lónìí. Aláǹgbá ti bínú lọ. Pátákó yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ṣùkúrát, tó ti ń bá wa lọ aṣọ láti ọdún mẹ́ta, ló gba ṣọ́ọ̀bù. Ó mọ bí a ṣe ń ti igun aṣọ sínú. Lọ́jọ́ ajé, Fọláwùmí ń lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé ìkàwé ní Abẹ́òkúta. Kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ti wà lórí ìkọ́ láti àárọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ó ṣì wà nínú ilé o, ó kàn ń dánra wò ni!

Nírọ̀lẹ́ òní, Màmá dúró síbi tí ẹ máa ń dúró sí, ó ké: "Ta ló kù nínú?" Bàbá, yàrá kẹrìnlá ti ṣófo. Ẹ sinmi. Ẹnì kankan ò kù níbẹ̀ mọ́.

Ìkọ́ kìíní, tiyín, náà kò ní kọ́kọ́rọ́ lórí. Láti ọdún márùn-ún ni Màmá kò ti gbà kí ẹnikẹ́ni gbé kọ́kọ́rọ́ yín sórí rẹ̀, lónìí náà kò gbà. Ó ṣófo síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sì kọ́ wa ní ohun tí ìkọ́ tó ṣófo ń sọ.