Ìpá Tí Mo Tọ́jú Dè Ẹ́

Ọlábùnmí, Àwẹ̀ró ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Ṣé àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé ẹ lọ ṣiṣẹ́ kì í wúkọ́ sí ẹ lójú? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àrùn tó ò ń tọ́jú mọ orúkọ ẹ. Àwa náà wà ní Ashaiman níbí, à ń jẹun, à ń fọwọ́ títí awọ ẹ̀ fi hunjọ bíi ti ìyá arúgbó. Èmi bàbá kékeré ẹ ni mò ń kọ̀wé yìí, èmi tí mo fi ọdún díẹ̀ jù ẹ́ lọ ṣùgbọ́n tí mo jókòó sípò bàbá ẹ látọjọ́ tó ti kú. Gbogbo Anago, àwa Yorùbá ilẹ̀ Ghana, tó ń ra irin àlòkù ní Agbogbloshie ló mọ̀ pé kò sí ọkùnrin méjì bíi tèmi, àfi tí mo bá wo dígí.

Ọ̀rọ̀ ìpá mi ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ọjọ́ tí wọ́n gbà ẹ́ pé kó o wá máa kọ́ṣẹ́ abẹ, mo ṣèlérí níwájú ìyá ẹ pé ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan ìpá mi àfi ìwọ, lọ́jọ́ tó o bá gba fíríìdọ̀mù. Látìgbà yẹn ni mo ti ń tọ́jú ẹ̀ dè ẹ́ bí ẹni ń sin àgbò iléyà. Ó ń tóbi, mò ń dúpẹ́.

Kòrónà wá dé. Ìyá ẹ ní o ní wọn ò la èèyàn mọ́ àfi ẹni tó ń kú lọ, pé wọ́n ti kó ẹ̀yin ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí èémí ń há fún, pé àwọn tó o ti là ò tíì tó iye tí ìdánwò ń bèèrè, bóyá wọ́n á fi ọdún kan kún tìẹ. Orí mi dàrú. Ẹni tó ń kọ́ wẹ́dà, tí wọ́n bá ní kó lọ máa din ọ̀gẹ̀dẹ̀ kẹ̀lẹ̀wẹ̀lẹ̀, ìgbà wo ló máa mọ irin í jó? Wọ́n tún ní orí fóònù ni ọ̀gá yín ti ń kọ́ yín, pé ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ lo fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán ara èèyàn. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnì kankan ní mọ́sálásí.

Èmi tí mo kọ́ wẹ́dà, tí mo gba fíríìdọ̀mù ṣáájú àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé tí ọ̀gá bá fi ọdún kún ti ọmọṣẹ́, ńṣe ló ń retí kí àwọn àgbà wá bẹ òun. Mo wọ aṣọ iléyà mi, mo gbé kíréètì mọ́ọ̀tì kan, mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín lọ ní ọsibítù. Ẹni tó wà ní géètì na nǹkan bí ìbọn sí mi níwájú orí, mo gbé kíréètì sílẹ̀, mo nawọ́ sókè. Ó ní ara mi ò gbóná. Mo ní ara kọ́, inú ló ń bí mi. Ọ̀gá yín jáde, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni tí mo fẹ́ tọrọ ọmọ ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ohunkóhun tí ọmọ mi bá ṣe, kí wọ́n foríjì í, kí wọ́n fún un ní fíríìdọ̀mù. Ó ní o ò ṣẹ òun, àrùn ló fà á. Mo ní ta ni ká wá lọ bẹ̀? Ó ní òun náà ò mọ̀. Chálè, ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà mí.

Kò gba mọ́ọ̀tì, ó ní òfin ò gbà á. Mo bá gbé e padà. Ibi tí mo ti ń gbé e bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ trotro ní Ashaiman ni ìpá yìí ti há. Mo ké, àwọn mètì tó ń gba owó ọkọ̀ rò pé mò ń jà. Wọ́n gbé mi dé ọsibítù kan lápá Tema, mo ní kí wọ́n pè ẹ́ wá, wọ́n ní tí àwọn bá dúró dè ẹ́, ìfun mi á rà. Bí èmi náà ṣe di ẹni tó ń kú lọ nìyẹn.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bíi tìẹ ló là mí, Yusif lorúkọ ẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi lẹ́yìn, ìsàlẹ̀ nìkan ló pa, kò pa ẹnu. Mo rí iwájú orí ẹ̀ lókè ìbòmú, ó ń làágùn, mo sì gbọ́ tó ń sọ fún ọ̀gá ẹ̀ pé ó ti pẹ́ tóun ti mú abẹ lọ́wọ́. Mo ní, Dókítà, ẹ fọkàn balẹ̀, aṣọ tí mo tọ́jú fún télọ̀ míì lẹ fẹ́ gé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e dáadáa. Ọ̀gá ẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ẹ̀ bá rọ̀.

Mo ti ń rìn. Ṣùgbọ́n ìyá ẹ ní o sunkún nígbà tó o gbọ́, kò sì yé mi bóyá torí èmi ni àbí torí ìpá. Má bínú sí mi. Mi ò gbé iṣẹ́ ẹ fún ẹlòmíì, ó há ni. Mo ti wá òmíì fún ẹ. Rájí tó ń ta iṣu ládùúgbò wa, ó ní kókó kan lẹ́yìn ọrùn, kì í dùn ún, ó fẹ́ lọ bá Yusif torí mo yìn ín, mo ní kó jókòó, ìwọ ló ni ín. Mo ní kó má gbé nǹkan tó wúwo.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sórí mómò fóònù mi, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ gbé irin fúngbà díẹ̀, ẹnu mi nìkan ò sì lè bọ́ ilé. Ọlọ́run á lé àrùn yìí lọ, abẹ á padà sọ́wọ́ ẹ. Ọwọ́ ẹ ò ní gbọ̀n. Tó bá sì gbọ̀n, ẹni tó wà lórí tábìlì á mọ̀rọ̀ọ́ sọ bíi tèmi.

Èmi ni,
Fatawu, bàbá kékeré ẹ.