Ọkọ̀ Kékeré Tí Táyà Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Ń Fà

Bàbá mi,

Ó yẹ kí n ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, nígbà tí ẹ ṣì lè dá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kékeré yẹn ni, èyí tí ẹ rà nígbà tí owó epo rọ̀bì gbẹ nílẹ̀ wa, tí owó oṣù tíṣà tí ẹ ń gbà ò wọlé déédéé mọ́, tí ẹ sì ta Pijó. Òyìnbó kan tó ń kúrò ní Ìgbàjà ló tà á fún yín. Ilẹ̀ Jàpáànù ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ń ka gbogbo rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ki oríkì: sílíńdà mẹ́ta, jíà márùn-ún, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń ṣí sókè. Ẹ ní táyà iwájú nìkan ló ń fà á lójú ọ̀dà, àmọ́ bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì orí jíà, tẹ̀yìn náà á bá a fà, ẹrẹ̀ Òwu-Ìsin ò sì ní lè dá a dúró. Mi ò fetí sílẹ̀. Ojú ń tì mí pé a ò ní Pijó mọ́.

Ọjọ́ àbẹ̀wò dé ní ilé-ìwé wa ní Èsìẹ́. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, òbí kankan ò lè wá. Ẹ̀yin nìkan lẹ dé, tẹ̀yin ti ṣòkòtò oko, ẹrẹ̀ bo ọkọ̀ dé òrùlé. Bósẹ̀ ọ̀rẹ́ mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibà ń gbọ̀n ọ́n. Ó bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní dẹ́rẹ́bà bàbá mi ni.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo rí i lójú yín. Ẹ gbé gààrí àti ẹ̀pà tí ẹ kó wá fún mi sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ẹ tẹrí ba díẹ̀.

“Ọ̀gá ní kí n kó wọn wá fún yín.”

Èmi lẹ pè ní “yín,” Bàbá mi.

Mátírọ́ọ̀nù wá bẹ̀ yín kí ẹ gbé Bósẹ̀ lọ sí ọsibítù ní Òmù-Àrán, torí ọkọ̀ ilé-ìwé ti rì sẹ́nu géètì. Ẹ gbé e lọ. Nígbà tí mo délé fún họ́lídé, ẹ ò sọ nǹkan kan, èmi náà ò sọ. Lẹ́yìn tí mo dàgbà, gbogbo ìgbà tí mo bá ń bọ̀ wálé láti Èkó ni mo máa ń pinnu pé n ó bẹ̀ yín. Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?

Bósẹ̀ wá síbi ìsìnkú yín. Ó rí fọ́tò yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó sì rọra bi mí pé ṣé dẹ́rẹ́bà wa náà ti kú ni. Ó ní lọ́jọ́ yẹn, nínú ọkọ̀, òun bi yín bóyá ọ̀gá yín ń tọ́jú yín dáadáa. Ohun tí ẹ sọ fún un, kò gbàgbé:

“Wọ́n ń tọ́jú mi. Ọmọ wọn yẹn gan-an, ọmọ dáadáa ni.”

Èmi ò sí níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ bá mi bo irọ́ mi.

Mo na ọwọ́ sí fọ́tò yín níwájú gbogbo èèyàn, mo ní, “Bàbá mi nìyẹn.” Ohùn mi lọ sókè ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbọ́.

Ẹ forí jì mí.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ bí.